Owó Àdájọ àti Ìgboro Tí Í Ṣe Ti Gbogbo Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwa ará Ìjẹ̀bú-Òde fi ara balẹ̀ rò. Bí àwọn oníṣòwò òpópó kan bá dá owó jọ láti tún ojú ọ̀nà ṣe, láti gbẹ́ gọ́tà, àti láti tan iná sí ìgboro ní alẹ́, ó ha tọ́ kí a fi dandan gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ san bí? Nígbà tí iṣẹ́ náà bá sì parí, òpópó náà ha di ti àwọn tí ó san owó bí?

Ní ìlú Toronto ní Kánádà, àwọn oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò Bloor West Village rí i pé àwọn oníbàárà ń fi òpópó wọn sílẹ̀ lọ sí àwọn ilé-ìtajà ńlá. Wọ́n gbìyànjú àtidá owó pẹ̀lú ìfẹ́ inú, ṣùgbọ́n àwọn kan ń jẹ èrè láìdá kọ́bọ̀. Nítorí náà ni a ṣe fi òfin dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1970, kí gbogbo wọn lè máa san. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2003: a ní láti kọ́kọ́ dìbò, kí àwọn tí ó fọwọ́ sí i sì pọ̀ ju àwọn tí ó kọ̀ lọ, ní iye orí àti ní iye tí a díye lé ilé ìṣòwò wọn. Bí ọdún 5 bá pé, a ó tún ìbò náà dì.

Ní ìlú tiwa, ọlá àti ìtìjú ni ó ń ṣe iṣẹ́ òfin. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, èyíinì ni ẹgbẹ́ àwọn tí a bí ní sáà kan náà, tí Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà, ẹni tí ó wàjà ní 2025, sọ jí, kì í ṣe ẹgbẹ́ oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣòwò wà nínú wọn, wọn a sì máa dá owó fún iṣẹ́ ìlú. Ta ni yóò fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde sí Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá, kí a sì máa pè é ní ajigbèsè ẹgbẹ́? Ṣùgbọ́n ìtìjú kò ju ibi tí a ti mọ ara wa lọ. Ẹni tí ó gba ṣọ́ọ̀bù ní òpópó Fọlágbadé, tí kò sì ní ẹgbẹ́ kankan ní ìlú, ojú ta ni yóò tì í?

Nítorí náà mo dáhùn pé ó tọ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ san, bí a bá ti kọ́kọ́ bi í léèrè, tí a sì gba ìbò rẹ̀. Ẹni tí oníbàárà gba ọ̀nà gbígbẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti jẹ nínú iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n sí ìbéèrè kejì, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo wí. Ìyá tí ó gbé àtẹ ata sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Òkè-Àjẹ kò ní ṣọ́ọ̀bù, a kò sì ní pè é síbi ìbò; òun ni ó sì rọrùn jùlọ láti gbá dànù ní orúkọ àtúnṣe. Ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, a ti fi ẹ̀sùn kan irú ẹgbẹ́ wọ̀nyí pé àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn ń lé òtòṣì kúrò ní ìgboro. Bí ọlọ́rọ̀ bá san owó òrùlé ilé Ọlọ́run, ṣé ó lè tìtorí bẹ́ẹ̀ lé opó dìde lórí àga? Owó tí a dá ra iná àti gọ́tà. Kò ra ọ̀nà.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ará ìjọ, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nígbà tí a bá pè yín sí ìpàdé irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ san tiyín. Kí ẹ sì béèrè ibi tí alátẹ ata yóò jókòó sí kí ìpàdé náà tó tú ká.