“Ìwọ Nìkan Ló Ṣẹlẹ̀ Sí”

Jo Hamilton kì í ṣe olè. Ṣọ́ọ̀bù ló ní ní South Warnborough, abúlé kékeré kan ní Hampshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú ṣọ́ọ̀bù náà ló sì ti ń ṣe iṣẹ́ Post Office fún àwọn ará abúlé. Níbẹ̀ làwọn arúgbó ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹrù àti lẹ́tà ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ní 2003, ó jókòó ṣírò owó, kọ̀ǹpútà ní owó tó wà nílẹ̀ fi £2,000 dín. Ó pe nọ́ńbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa pè bí ìṣòro bá dé. Ẹni tó gbé e ní kó tẹ ibí, kó tẹ ọ̀hún. Ó tẹ̀ ẹ́. Lójú ẹ̀ báyìí ni £2,000 di £4,000.

Post Office ní kó san án. Ó lóun ò mú kọ́bọ̀. Wọ́n ní àdéhùn tó fọwọ́ sí ni pé bí owó bá dín, òun ni yóò dí i. Wọ́n tún wá fi kún un pé kò sẹ́lòmíràn tó ń rí irú ìṣòro yìí, òun nìkan ni.

Irọ́ gbuu ni. Láti 1999 tí wọ́n ti ń gbé ètò kọ̀ǹpútà tí Fujitsu ṣe, tí wọ́n ń pè ní Horizon, wọ àwọn ẹ̀ka Post Office ni owó ti ń “sọnù” káàkiri Bìrìtìkó. Ní Bridlington, létí òkun, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lee Castleton pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ yẹn nígbà 91. Ẹ fojú inú wò ó ná: ẹni tó fẹ́ jalè, ṣé òun ni yóò máa pe ọ̀gá rẹ̀ lójoojúmọ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, owó yín ń sọnù lọ́wọ́ mi, ẹ wá wò ó”? Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ nítorí nǹkan bí £25,000, kò lówó agbẹjọ́rò, ó dá dúró rojọ́ fúnra rẹ̀, ó sì jẹ̀bi. Owó ẹjọ́ tí wọ́n bù lé e lórí ní 2007 jẹ́ £321,000. Gbèsè náà ló wó ilé ayé ọkùnrin náà palẹ̀.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà burú ni pé Post Office lágbára láti pe ènìyàn lẹ́jọ́ ọ̀daràn fúnra rẹ̀, láìdúró de ọlọ́pàá. Òun ló ní owó òun sọnù, òun ló wádìí ẹ̀, òun náà ló tún gbé ẹ̀sùn lọ síwájú adájọ́. Òfin tí ìbá dá wọn lẹ́kun ti lọ. Tẹ́lẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde ṣe ẹ̀rí ẹjọ́ ọ̀daràn gbọ́dọ̀ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n pa òfin yẹn rẹ́ ní 1999, ọdún kan náà tí Horizon dé. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ti di olóòótọ́ títí ẹnìkan yóò fi fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Báwo wá ni obìnrin oníṣọ́ọ̀bù ṣe fẹ́ fi hàn pé ẹ̀rọ Fujitsu ń ṣàṣìṣe, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó pè é lẹ́jọ́ ni gbogbo ìwé wà? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn adájọ́ yìí gbọ́ tẹnu ẹ̀rọ, ó tó wọn.

Ó lé ní 900 ènìyàn tí wọ́n dá lẹ́bi láàárín 1999 sí 2015. Seema Misra, tó ń ṣe Post Office ní West Byfleet, lóyún nínú nígbà tí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ní 2010, ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ni ọjọ́ náà. Jo Hamilton ní tiẹ̀ gbà pé òun kọ ìṣirò èké, kí wọ́n lè yọwọ́ ẹ̀sùn olè. Àwọn ará abúlé rẹ̀ dáwó jọ bá a san lára £36,000 tí wọ́n ní ó jẹ, wọ́n sì tẹ̀ lé e lọ sílé ẹjọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá gbé ju bí kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Alan Bates, tó ń ṣe Post Office ní Llandudno, nílẹ̀ Wales, kọ̀ jálẹ̀ láti gba ìṣirò tí kò yé e. Ó ń kọ lẹ́tà, ó ń tọ́jú ìwé. Ní 2003 wọ́n gba Post Office náà lọ́wọ́ rẹ̀, owó tó fi ra iṣẹ́ náà sì wọmi. Ní 2009, ìwé ìròyìn Computer Weekly tẹ ìtàn àwọn méje tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí jáde. Lọ́dún náà, Bates pe àwọn tó ń jìyà yìí sí gbọ̀ngàn abúlé Fenny Compton. Ìgbà tí wọ́n fojú kan ara wọn níbẹ̀ ni “ìwọ nìkan ni” kú. Àwọn 555 ló padà pe Post Office lẹ́jọ́, adájọ́ Fraser sì sọ ní oṣù kejìlá 2019 pé Horizon kún fún àṣìṣe. Ó tún hàn gbangba pé àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè jókòó sí ọ́fíìsì tiwọn kí wọ́n yí ìṣirò ẹ̀ka padà láìjẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù mọ̀, ohun tí Post Office ti ń sẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ogún ọdún gééré. Òwe wa nípa irọ́ tó lọ fún ogún ọdún àti òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan kò mẹ́nu ba àwọn tó ṣẹ̀wọ̀n láàárín ogún ọdún náà.

Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀rí ti 2011 sọ ní abala 84 pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀rí gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ náà wà ní ipò tó dára. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka abala 84 nídìí káńtà báǹkì? Alẹ́ẹ̀tì ti wọlé pé owó ti kúrò, oníPOS ní òun ò rí nǹkan kan, òṣìṣẹ́ báǹkì wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Ó ti lọ lọ́dọ̀ tiwa o, màmá,” ọ̀rọ̀ parí. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ sì wo àwọn tó jọ tò lẹ́yìn yín, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó gbé wọn wá.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2021, ilé ẹjọ́ fagi lé ẹ̀bi àwọn 39 lẹ́ẹ̀kan náà, Jo Hamilton àti Seema Misra wà lára wọn. Ní oṣù kìíní 2024, eré kan jáde lórí tẹlifíṣàn nípa Alan Bates, ìbínú àwọn ará ìlú sì ru sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ṣe òfin tuntun ní oṣù karùn-ún láti wẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn tó kù mọ́. Ẹ̀rí tí eré náà gbé jáde ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ṣáájú. Ní oṣù keje 2025, Wyn Williams, tó ṣe alága ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ Horizon, gbé apá kìíní ìròyìn rẹ̀ jáde. Ó ní ó kéré tán ènìyàn 13 ló ṣeé ṣe kó ti para wọn nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ọ̀gá Post Office tàbí ti Fujitsu kankan tí wọ́n tíì pè lẹ́jọ́ ọ̀daràn lórí rẹ̀.