Àáró ni, kì í ṣe ọ̀wẹ̀

Ẹni tó bá ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì mọ bí iṣẹ́ àṣekágbá ṣe máa ń rí. Wọ́n á kọ ètò fún ilé ìwòsàn tí wọn ò dé rí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á dì í ní páálí líle, ó di orí pẹpẹ. Ó parí.

Ká wá ní olùkọ́ kan sọ pé kí wọ́n lọ sí Ìjẹ̀bú-Imùṣin, kí wọ́n ṣe app tí àwọn ìyá tó ń dá àjọ níbẹ̀ á máa fi ṣírò owó, òun á sì fún wọn ní máàkì. Ṣé ìrànlọ́wọ́ ṣì nìyẹn? Àwọn kan á ní rárá, pé oore tí èèyàn ń gba máàkì lé lórí ti di òwò.

Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bẹ́ẹ̀. Tí a bá bẹ̀ yín lọ́wẹ̀, ẹ ó ṣiṣẹ́, ẹ ó jẹun, ó tán. Àáró yàtọ̀: ẹ bá wa roko lónìí, a ó bá yín ro tiyín lọ́la. Kò sẹ́ni tó ń pe alááró ní ọ̀kánjúwà. Ẹni tí wọ́n bá ro oko tiẹ̀ tán tó wá sá lọ ni wọ́n ń bú.

Ẹ wo Ìgbó-Ọrà. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà lọ sí Ìbàràpá, kí wọ́n lè rí àìsàn níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì UCH nìkan. Ará ìlú ń yọ̀ǹda ara wọn fún ẹni tí kò tíì mọṣẹ́ tán. Nǹkan ńlá nìyẹn o! Ohun tó mú un tọ́ ni pé bí ọ̀wọ́ kan bá lọ, òmíràn á dé. (Ti àgùnbánirọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ìwé nìyẹn.)

App ńkọ́? Fóònù á bàjẹ́, password á sọnù, àwọn tó kọ ọ́ á ti gboyè lọ sí Èkó. Ta ni àwọn ìyá yẹn á pè lóṣù kejìlá, nígbà tí owó bá fẹ́ pín? Ìwé kékeré alájọ kì í béèrè dátà.

Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ béèrè. Bí àwọn ìyá bá ní àwọn ò fẹ́ app, pé ọmọ àwọn ni kí wọ́n kọ́ ní kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ́ ọ jàre. Tó bá sì jẹ́ àwa là ń pín máàkì, a ó fi apá kan sọ́wọ́ àwọn ìyá alájọ, a ò sì ní kọ ọ́ sílẹ̀ títí wọ́n á fi pín owó tán.