Ǹjẹ́ Àánú A Máa Kú Pẹ̀lú Aláàánú?

Ní alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 2 oṣù Épírì, ọdún 2005, Póòpù John Paul Kejì, olórí Ìjọ Àgùdà, fi ayé sílẹ̀. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Ọjọ́ Ìsinmi Àánú Ọlọ́run, èyí tí òun tìkára rẹ̀ fi lélẹ̀ fún ìjọ ní ọdún 2000. Erin wó, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ké. Ó sì dàbí ẹni pé ìgbàgbọ́ àwọn mìíràn fẹ́ bá a wọ ibojì. Àwa béèrè pé: bí aláàánú bá kú, níbo ni àánú rẹ̀ wà?

Ní ọjọ́ 13 oṣù Méè, ọdún 1981, Mehmet Ali Ağca, ará Tọ́kì, yìnbọn lù ú ní gbàgede Pétérù Mímọ́. Kò pé ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà tí ó fi rán ọ̀rọ̀ jáde láti ilé ìwòsàn, tí ó pe ẹni náà ní arákùnrin, tí ó sì wí pé òun ti dárí jì í. Ní oṣù Fébúárì, ọdún 1982, ó dé Nàìjíríà, ó sì dé Ìbàdàn pẹ̀lú. Ọgbẹ́ náà kò tíì pé ọdún kan lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Dísẹ́ńbà, ọdún 1983, ó wọ ẹ̀wọ̀n Rebibbia ní Róòmù lọ, ó jókòó ti Ağca, ó sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹ kíyèsí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n kò ṣí lọ́jọ́ náà. Ó di ọdún 2000 kí Ààrẹ Ítálì tó forí jì í. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa rò pé ẹni tí ó dárí jini kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìdájọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa olùkọ́ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí gún lára jù: a jẹ ọmọ níyà fún ẹ̀ṣẹ̀ àná, ó lè tọ́; ṣùgbọ́n kí a máa fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wò ó títí ọdún yóò fi parí, ta ni ó kọ́ wa?

Ní ọjọ́ 27 oṣù Dísẹ́ńbà, ọdún 2014, tí ó pé ọdún 31 gééré tí wọ́n jọ jókòó, Ağca gbé òdòdó funfun wá sí ibojì náà. A kò fẹ́ sọ ọ́ di ẹni mímọ́, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa yí padà. Síbẹ̀, ọwọ́ tí ó gbé ìbọn náà ni ó gbé òdòdó, nígbà tí ẹni tí ó dárí jì í kò lè rí i mọ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn aláṣẹ Ítálì dá a padà sí Tọ́kì, nítorí kò ní ìwé ìwọ̀lú.