Ẹni Bá Dalẹ̀, Á Bálẹ̀ Lọ

Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D.O. Fágúnwà kọ ní 1938, inú igbó ni ẹ̀rù ń gbé. Ọba ló rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò sì sẹ́ni tó fura sí ọba. Ẹ wá wo Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1993. Ẹ̀rù ti kúrò nígbó, ó ti wọ àárín àwọn ìjòyè. Olóyè Ọ̀tún, tí Kareem Adépọ̀jù (Bàbá Wándé) ṣe, lọ́wọ́ sí títa ilẹ̀ àjogúnbá fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Àwọn tí wọ́n jọ lẹ̀dí àpò pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, òun náà wá ń sá kiri.

Ẹni bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ. Kí ló dé tó jẹ́ ilẹ̀ làwọn baba wa fi ṣe adájọ́? Ilẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mulẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kì í gba rìbá, kò sì sí olóyè tí kò ní padà sínú rẹ̀. Ẹni tó bá rí adájọ́ mìíràn tó ṣe é fọkàn tán kò ní pe ilẹ̀ sí ẹjọ́.

Mo jókòó ti ìyá àgbà kan níwájú tẹlifíṣọ̀n ní Ilé-Ogbó, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, nígbà tí Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ń lọ. Bí wọ́n ṣe ń gbowó ilẹ̀, màmá fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè. Ó ní, "Ó parí." Ẹnikẹ́ni ò tíì kú nínú eré o.

Ṣaworoidẹ, eré Kèlání mìíràn, jáde ní 1999, ọdún tí ológun gbé ìjọba sílẹ̀: ìlù ló pa ṣọ́jà tó fipá gorí oyè ìlú Jogbo. Nínú Agogo Èèwọ̀, tí Kèlání náà gbé jáde ní 2002, agogo ló dájọ́ àwọn olóyè tó ń jowó ìlú. Ẹ ò rí i pé kò sí ilé ẹjọ́ kankan níbẹ̀?

Ibi tí èmi àti òwe yìí ò ti bára mu ni pé ó ń jẹ́ ká káwọ́ gbera. Nígbà tí wọ́n rí egungun èèyàn àtàwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ nínú igbó Ṣọ́kà n'Ìbàdàn, ní oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn ọlọ́kadà ló wọgbó lọ tú àṣírí náà. Ilẹ̀ ti ń wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ibi náà tipẹ́.

Nítorí náà, bí ẹbí yín bá fẹ́ ta ilẹ̀, ẹ pe gbogbo ojúlé jọ, ẹ bi àwọn tó ń tà á ní iye owó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo yín.