ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: ỌWỌ́ TÍ A KỌ́
Ẹ kà: 1 Kíróníkà 25:6-8

Ọlidé gígùn ti dé, àwọn ọmọ wà nílé.

Àwọn akọrin ilé Ọlọ́run láyé Dáfídì jẹ́ 288. Bíbélì ní wọ́n kọ́ wọn ni, a ò bí i mọ́ wọn. Fẹlá Ṣówándé gan-an, ọmọ àlùfáà, abẹ́ Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips ló ti kọ́ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó, ó sì ti dàgbà dáadáa kó tó gba oyè Fellow ti Royal College of Organists ní 1943.

Ẹ̀yin òbí, a ń wá tísà lẹ́sìnnì fún ìṣirò. Tí ọmọ bá ní òun fẹ́ kọ́ kíbọ́ọ̀dù, a ó ní kó lọ máa wo àwọn ẹ̀gbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó kàn wò, bọ́tìnnì transpose ló máa gbára lé, kíì kan ṣoṣo ni yóò fi tẹ gbogbo orin (ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń wí). Tí wọ́n bá wá gbé dùùrù tí kò ní bọ́tìnnì síwájú rẹ̀ ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó jẹ́ àdúrà pásítọ̀ nìkan ló mọ̀. Lóru ọjọ́ tí pásítọ̀ ò bá gbé fóònù, kí ló fẹ́ ṣe?

Ẹ wá olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n fọ́mọ yín. Ẹ sì sanwó rẹ̀ pé, ẹ má sọ pé "iṣẹ́ Ọlọ́run ṣá ni."

Àdúrà: Olúwa, kọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kọ́ ẹnu tiwa náà láti gbàdúrà, lórúkọ Jésù. Àmín.