Ìtúsílẹ̀ Kì í Ṣe Ìdáláre

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n tú Andrew Malkinson sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó jáde, àmọ́ ẹ̀bi tí wọ́n dá a kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Lójú òfin, afipábánilòpọ̀ ni ó ṣì jẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n ń kọ irú ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ sí, àwọn òfin sì wà tó gbọ́dọ̀ pa mọ́ bí kò bá fẹ́ kí wọ́n dá a padà síbi tó ti ń bọ̀. Ó di ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023 kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù tó fagi lé ìdájọ́ náà. Ohun tó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí ni mo fẹ́ gbé lé òṣùwọ̀n ọmọlúàbí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n bá ti ṣí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kí ẹni tó jáde máa dúpẹ́, kó wá iṣẹ́ ṣe, kó má tún tú ọ̀rọ̀ àná wò. Èrò tèmi ni pé orúkọ tí a bà jẹ́ ní gbangba, gbèsè ni lọ́rùn ẹni tó bà á jẹ́. Ẹni tó ń sin gbèsè náà kò ṣe àfojúdi sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jẹ ẹ́ tí kò fẹ́ san án ni ìwà rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọ̀ràn náà ṣe rí. Ní oṣù Keje ọdún 2003, ọkùnrin kan kọlu obìnrin kan ní Salford, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester, ó ṣe é léṣe gidigidi, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Ìwà ìkà gbáà ni, kò sì sí ohun tí a máa sọ níhìn-ín tó gbọ́dọ̀ bu ìyà tó jẹ obìnrin náà kù. Àwọn ọlọ́pàá mú Malkinson, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi ní ọdún 2004, láìsí ẹ̀rí kankan láti ilé àyẹ̀wò tó so ó mọ́ ọ̀ràn náà. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ní àwọn dá a mọ̀ lójú ni wọ́n gbára lé. Obìnrin náà ti sọ pé òun fi èékánná ha ẹni tó kọlu òun lójú, ojú Malkinson kò sì ní àpá lọ́jọ́ kejì. Nínú àwọn ará ìlú méjìlá tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà, mẹ́wàá ló ní ó jẹ̀bi, méjì kò gbà. Ohun tí àwọn méjèèjìlá kò mọ̀ ni pé àwọn ẹlẹ́rìí méjì ti jẹ̀bi ẹ̀sùn àìṣòótọ́ rí, àti pé àwọn ọlọ́pàá ní àwòrán ọwọ́ obìnrin náà tó ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa èékánná lẹ́yìn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn mẹ́wàá yẹn kò ṣìkà, nítorí wọn kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́. Ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ kejì pa mọ́ ni òwe náà ń bá wí.

Ilé ẹjọ́ rán Malkinson lẹ́wọ̀n gbére, ṣùgbọ́n ó ní bó bá ti lo bí ọdún méje, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè jáde. Ọ̀nà tí ẹlẹ́wọ̀n ń gbà tètè jáde kò ṣòro láti mọ̀: kó gbà pé òun ṣe é, kó kẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣètò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó fi hàn pé òun ti ronú pìwà dà. Malkinson kọ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́wọ́ ohun tí òun kò ṣe, ìkọ̀ yẹn sì fi ọdún tó lé ní mẹ́wàá kún ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Bí àwọn onímọ̀ Yorùbá bá ń ka àmúyẹ ọmọlúàbí, òtítọ́ àti akínkanjú kì í gbẹ́yìn, ibi tí àwọn méjèèjì sì ti pàdé rèé. Ẹnì kan lè pe ìyẹn ní agídí, kó ní ọlọ́gbọ́n a fi ẹnu jẹ́wọ́ kó lè gba ara rẹ̀ là. Àmọ́ alágídí kì í fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ òun wò, nígbà tó jẹ́ pé àyẹ̀wò gan-an ni ọkùnrin yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún. Yorùbá tó sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín mọ̀ pé àwọn ìyà kan wà tí ènìyàn lè fara dà, ṣùgbọ́n kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ kò sí lára wọn.

A tún ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òwe yìí dùn létí, ó sì ń tu ẹni tí ìyà ń jẹ nínú, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa ta ni yóò gbé òtítọ́ rìn. Ní ọdún 2007, àyẹ̀wò tuntun rí DNA ọkùnrin mìíràn lára aṣọ obìnrin náà. Kì í ṣe ti Malkinson, kì í sì í ṣe ti olólùfẹ́ obìnrin náà nígbà yẹn. Òtítọ́ ti dé nìyẹn, ó jókòó sínú fáìlì. Ní ọdún 2009 Malkinson kọ̀wé sí CCRC, ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1997 láti tún ẹjọ́ tó jọ pé ó wọ́ wò. Ní ọdún 2012 wọ́n dá a lóhùn pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Ó tún kọ̀wé, wọ́n tún kọ̀ ọ́ ní ọdún 2020. Àwọn ọlọ́pàá ti ba àwọn aṣọ tó jẹ́ ẹ̀rí jẹ́, ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn àpẹẹrẹ tí wọ́n gé lára wọn ṣì wà ní ilé ìpamọ́ mìíràn. Ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń jẹ́ Appeal ló ṣètò àyẹ̀wò tó lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìgbà náà ni CCRC tó dá ẹjọ́ náà padà sí kòtẹ́milọ́rùn ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Agbẹjọ́rò àgbà Chris Henley, tó yẹ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà wò, sọ nínú ìwé tó jáde ní ọdún 2024 pé ká ní wọ́n ṣe ojúṣe wọn dáadáa nígbà àkọ́kọ́, orúkọ ọkùnrin náà ìbá ti mọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Ọdún 2024 yẹn náà ni Helen Pitcher, alága ìgbìmọ̀, tó tọrọ àforíjì. Ó fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Bí kò bá sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, òtítọ́ ìbá wà nínú fáìlì rẹ̀ títí di òní.

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé sùúrù ni baba ìwà, pé ọmọlúàbí a máa dárí jì, a sì máa gbàgbé. Mo gbà pé sùúrù ni baba ìwà. Mo kàn fẹ́ ká wo ibi tí sùúrù wà nínú ìtàn yìí. Ẹni tó kọ̀wé, tí wọ́n kọ̀ ọ́, tó tún kọ̀wé, tí kò bú ilé ẹjọ́ tí kò sì gbé ohun ìjà, sùúrù rẹ̀ ti kún. Ní ti ìgbàgbé, àwọn baba wa ti sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ìdáríjì pàápàá ní ibi tó yẹ kó ti wá. Derek Bentley, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ni wọ́n so kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kìíní ọdún 1953 nítorí ọlọ́pàá kan tí ẹlòmíràn yìnbọn pa. Iris, arábìnrin rẹ̀, fi ohun tó lé ní ogójì ọdún jà fún orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1993 ìjọba dárí jì Bentley, àmọ́ ìyà ikú nìkan ni ìdáríjì náà kàn. Ẹ̀bi ṣì wà níbẹ̀. Iris kú ní ọdún 1997, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fagi lé ẹ̀bi náà ní oṣù Keje ọdún 1998. Irú ìbéèrè kan náà ló jẹyọ ní Nàìjíríà nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ìdáríjì fún òǹkọ̀wé Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ògóni mẹ́jọ yòókù tí ìjọba ológun so kọ́, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2025. Àwọn kan lára àwọn ènìyàn wọn dáhùn pé ẹni tó ṣẹ̀ là ń dárí jì, pé ìdáláre ni àwọn ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání. Bí mo bá purọ́ mọ́ ọ, tí mo wá sọ pé mo ti dárí jì ọ́, mo tún irọ́ náà pa nìyẹn.

Àtakò kejì lágbára ju èyí lọ. Ó ní ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ní òpin. Pé bí gbogbo ẹlẹ́wọ̀n bá ń padà wá sọ pé òun kò ṣe é, ọ̀wọ̀ ilé ẹjọ́ yóò wọmi, ọkàn àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ kò sì ní balẹ̀ láé. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ ń sẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìjà fún orúkọ fi gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹ̀rí, kó má dúró lórí ariwo tàbí lórí pé ẹni wa ni. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ìbẹ̀rù nítorí ọ̀wọ̀ ilé ẹjọ́ lè gbé ènìyàn dé. Wọ́n dá àwọn ọkùnrin mẹ́fà lẹ́bi ní ọdún 1975 pé àwọn ló gbé bọ́ǹbù tó bú ní Birmingham. Nígbà tí wọ́n pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́ pé ó lu àwọn, adájọ́ àgbà Denning sọ ní ọdún 1980 pé kí ẹjọ́ náà má tẹ̀ síwájú, nítorí bí wọ́n bá jàre, á jẹ́ pé ọlọ́pàá purọ́, ó fìyà jẹ wọ́n, ìdájọ́ sì wọ́. Ó ní ìyẹn burú ju ohun tí a lè gbà lọ. Ìyẹn ni pé òtítọ́ náà tóbi jù láti yẹ̀ wò. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹta ọdún 1991, kòtẹ́milọ́rùn dá àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láre. Èwo ló ba ọ̀wọ̀ ilé ẹjọ́ jẹ́ jù nínú ìbéèrè wọn àti ọdún mọ́kànlá náà? Ní ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ìdájọ́ tó wọ́ kò gbèjà rẹ̀. Gbogbo ọdún tí Malkinson fi wà lẹ́wọ̀n, ẹni tó ni DNA ara aṣọ obìnrin Salford yẹn kọ́ ló ń jìyà ọ̀ràn náà.

Àwọn mìíràn máa ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé owó ni wọ́n ń wá. Ká tilẹ̀ gbà pé owó wà níbẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń san án? Òfin ọdún 2014 ní England sọ pé kí ẹni tí wọ́n fagi lé ẹ̀bi rẹ̀ tó lè gba owó gbà-má-bínú, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí tuntun fi hàn láìsí iyèméjì pé kò ṣe é. Nígbà tí wọ́n mú un, ìjọba ló yẹ kó fi ẹ̀rí hàn. Nígbà tó jáde, ẹ̀rí di ti ọrùn rẹ̀. Ìlànà kan tún wà tó jẹ́ kí wọ́n lè yọ owó oúnjẹ àti ibùsùn inú ẹ̀wọ̀n kúrò nínú owó gbà-má-bínú, bí ẹni pé ó lọ gbàlejò. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà fọwọ́ sí irú ìyọkúrò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2007. Ariwo tí Malkinson pa ló mú kí ìjọba fòpin sí i ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Àǹfààní ìyẹn kò mọ sọ́dọ̀ rẹ̀, yóò kan gbogbo ẹni tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó ń wá owó nìkan kì í la ọ̀nà fún ẹlòmíràn.

Títí di ìsinsìnyí, ìjọba àti ìgbìmọ̀ ni mo ń bá wí, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ọmọlúàbí kò yọ ará àdúgbò sílẹ̀. Láàárín ọdún 1999 sí 2015, ó lé ní 900 alábòójútó pósófíìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá lẹ́bi olè àti èrú nítorí ìṣirò tí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Horizon ń ṣì ṣe. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan kú kí orúkọ wọn tó mọ́, ọ̀pọ̀ sì ni aládùúgbò tó ń ra sítáǹbù lọ́wọ́ wọn lánàá yí padà tó ń pè ní olè. Alan Bates, tó ṣáájú ìjà náà, kò ṣẹ̀wọ̀n rí. Iṣẹ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2003. Ó lè gba kámú kó lọ jókòó. Ó kó àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jọ, wọ́n jàre ní ilé ẹjọ́ gíga ní ọdún 2019, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì ṣe òfin ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 tó fagi lé ẹ̀bi ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lẹ́ẹ̀kan. Ìwà yẹn ni mo fẹ́ kí a fi wo ara wa. Ẹni tí òtítọ́ kò ṣe láǹfààní tààrà, tó sì dúró tì í, ló fi hàn pé nítorí òtítọ́ lòun ṣe dúró.

Bí a bá wá gbé gbogbo wọn lé òṣùwọ̀n, ìdájọ́ mi rèé. Malkinson tó kọ̀ láti jẹ́wọ́ irọ́ nínú ẹ̀wọ̀n, tó sì kọ̀ láti dákẹ́ lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe. Ìgbìmọ̀ tó ní agbára àtiyẹ ẹ̀rí wò tí kò yẹ̀ ẹ́ wò, tí àforíjì rẹ̀ sì dúró títí ìwádìí ẹlòmíràn fi tú àṣírí rẹ̀, kò kúnjú òṣùwọ̀n. Àwa tí a gbọ́ ẹ̀sùn, tí a gbà á gbọ́, tí a sì ràn án kálẹ̀, ojúṣe tiwa kéré ṣùgbọ́n kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: ibi tí a ti sọ pé ẹnì kan jẹ̀bi ni kí a ti sọ pé ó jàre, létí àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́, kí ohùn wa sì ròkè tó bó ṣe ròkè nígbà yẹn. Ìwé ìròyìn tó fi ẹ̀sùn sí ojú ewé àkọ́kọ́ tó wá fi ìdáláre sí igun ojú ewé ẹ̀yìn ṣì jẹ gbèsè. Bẹ́ẹ̀ náà ni aládùúgbò tó mọ̀ pé òun ṣì í pè tí kò lè kan ilẹ̀kùn ẹni náà láti sọ fún un.