Ta Ni Yóò Sọ fún Ọ̀gá?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ọ̀gá bá ṣi àṣẹ pa, ṣé ọ̀wọ̀ ni ká dákẹ́?

Ọ̀gá wa kan l'Ékòó ní kí wọ́n máa ti géètì bí aago méje ààbọ̀ bá ti lù. Kò mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí àwa ará Mowe àti Ibafo ń bá yí lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1978. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," la wí.

Lọ́jọ́ owó oṣù, akápò tó ń ti Ifo bọ̀ pẹ́ dé. Wọ́n ti géètì mọ́ ọn síta. Kò sówó! La bá ń ṣépè fún ọ̀gá.

Àmọ́, ta ló sọ fún un rí? Ìbẹ̀rù la da aṣọ ọ̀wọ̀ bò. Òótọ́ korò lóòótọ́. Ebi korò jù ú lọ.